Bí A Ṣe Gba Òdòdó Jẹ̀bẹ́rà Là ní Igbó Ẹfọ̀n

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi ara yín léèrè irú iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ jókòó tì mí díẹ̀ kí ẹ tó pinnu. Òdòdó ni mo gbìn, láti ìgbà tí mo jẹ́ ìyàwó ọ̀ṣìngín títí di ìgbà tí orúnkún mi kò jẹ́ kí n lè lóṣòó mọ́. Kì í ṣe òdòdó tí wọ́n ń gbìn sẹ́nu géètì fún ẹwà ilé o. Èyí tí a ń já, tí a ń dì, tí wọ́n ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, sí hòtẹ́ẹ̀lì, sí ibi ìgbéyàwó àti sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn ni. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún àwọn ará ilé wa ní Ìwó, ẹ̀rín pa wọ́n. "Rísí, òdòdó? Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ni?" Wọn kì í jẹ ẹ́. Àmọ́ òun ló bá mi tọ́ àwọn ọmọ mi, òun náà ló sì mú mi mọ obìnrin méjì tí mi ò lè gbàgbé.

Bíríkìlà ni Múfú, ọkọ mi. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ló gbé wa wá sí Ajah, nígbà tí wọ́n ń da iyanrìn sí irà lọ́tùn-ún lósì títì ẹ̀sìpírẹ́ẹ̀sì, tí ẹ́sítéètì tuntun ń yọ níbi tí ẹja ti ń lúwẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó lọ tún ògiri ọgbà kan ṣe ní Igbó Ẹfọ̀n. Nígbà tó dé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi ní, "Ìyàwó mi, mo rí màmá kan lónìí tó ń bá òdòdó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn ń wá ẹni tó ní sùúrù. Mo ní mo ní ọ̀kan nílé." Bí mo ṣe ríṣẹ́ nìyẹn. Owó iṣẹ́ náà kò pọ̀, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Màmá Fúnkẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń pe màmá náà. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ọkọ wọn sì ti kú. Lórí ilẹ̀ tí ọkọ wọn fi sílẹ̀, wọ́n ta nẹ́ẹ̀tì dúdú kí oòrùn má bàa pa òdòdó, wọ́n sì gbin jẹ̀bẹ́rà sí abẹ́ rẹ̀. Tí ẹ kò bá mọ jẹ̀bẹ́rà, ẹ fojú inú wo ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò ní ewé kankan lára, tí ojú rogodo kan wà lórí rẹ̀ bí ìgbà tí ọmọdé bá ya àwòrán oòrùn. Pupa wà, yẹ́lò wà, pínkì wà. Màmá kì í pe ibi tí a gbìn wọ́n sí ní ebè. Wọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é. Ní àràárọ̀, a ó tẹ̀lé wọn láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń tẹ̀lé dókítà, wọ́n á sì máa béèrè pé, "Ta ni kò sùn dáadáa? Ta ni òùngbẹ ń gbẹ?"

Kíkọ́ iṣẹ́ lábẹ́ wọn kì í ṣe eré. Ní gbogbo àkókò òjò àkọ́kọ́, wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan òdòdó. Fífọ̀ ni mo ń fọ nǹkan: bọ́kẹ́ẹ̀tì, ọkọ́, ọ̀bẹ, títí kan ìdí ìkòkò. Ọpọ́n omi olóògùn kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ sínú rẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ni gbogbo èyí wà fún. Wọ́n na ìka sí ẹsẹ̀ mi.

"Iyẹ̀pẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ẹ lẹ́sẹ̀ yẹn, o mọ ibi tó ti ń bọ̀?"

"Rárá, Mà."

"Èmi náà ò mọ̀. Fọ̀ ọ́."

Àǹtí kan wá lọ́jọ́ kan láti ẹ́sítéètì tó wà nítòsí, ó wọ bàtà gogoro, ó sì fẹ́ wọlé yan òdòdó fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Màmá ní àfi kó bọ́ bàtà kó sì fọ ẹsẹ̀. Inú bí i. Ó ní òun kò tíì rí irú ìwọ̀sí bẹ́ẹ̀ rí, ó yí padà, ó fẹ́ máa lọ. Màmá ò bá a jiyàn. Wọ́n fa ọpọ́n náà sún mọ́ ọn, wọ́n kúnlẹ̀ tàgbà tàgbà wọn, wọ́n ní, "Gbé ẹsẹ̀ rẹ wá, ọmọ mi, èmi ni màá fọ̀ ọ́." Obìnrin náà dúró, ó wò wọ́n, omi sì lé sí i lójú. Láti ọjọ́ yẹn, kò ra òdòdó lọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ìfẹ́ ló wà nídìí líle tí Màmá le.

Mo tún rí i lára tèmi. Oyún ọmọ mi kejì wà nínú mi nígbà tí òjò ńlá kan dí títì pa. Ọ̀sán ni, mo ń di òdòdó nínú ṣẹ́ẹ̀dì, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í rún mi. Kò sí ọkọ̀ tó lè kọjá. Màmá gbá gbogbo òdòdó kúrò lórí tábìlì, wọ́n tẹ́ aṣọ mímọ́ sí i, wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè. Gbogbo ìgbà tí mo bá ké, wọ́n á ní, "Mo wà níbí, Rísí. Mi ò lọ ibì kankan." Àárín ewé àti òdòdó pínkì tó fọ́n ká ilẹ̀ ni mo bí Wàsíù sí. Nígbà tí Múfú wọ́ omi dé, ó bá Màmá tí wọ́n ń kọrin fún ọmọ, ó sì jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Nítorí náà, nígbà tí àjálù dé, ẹ ó mọ ìdí tí mi ò fi lè bá àwọn yòókù lọ.

Àjálù náà wọlé pẹ̀lú ẹwà. Ọkùnrin kan tó ń kó ọmọ òdòdó káàkiri gbé páálí kan wá. Jẹ̀bẹ́rà pínkì ni, èyí tí ojú rẹ̀ nípọn bí ìrọ̀rí. Màmá ò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n gbé ọ̀kan lé àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì rà á. A gbìn ín sí wọ́ọ̀dù méjì láàárín àwọn tó ti wà níbẹ̀. Ó mú ewé dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ dé, ọ̀kan nínú wọn dorí kodò lọ́sàn-án. A rò pé òùngbẹ ni. Lálẹ́, ó tún dìde. Lọ́jọ́ kejì, ó dorí kodò, kò sì dìde mọ́. Màmá hú u, wọ́n fi ọ̀bẹ la ìdí rẹ̀. Ó yẹ kí inú rẹ̀ funfun. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi tíì.

Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí iyanrìn.

Àrùn tó ń gbé inú ilẹ̀ ni. Gbòǹgbò ló ń gbà wọlé, á dí ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè nínú òdòdó, òdòdó á sì rọ, bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Kò sí òògùn tó ń wò ó tó bá ti wọlé. Ká tó mọ̀, wọ́ọ̀dù kan ti ṣófo, òmíràn ti tẹ̀lé e. A kó ewé gbígbẹ jọ, a sun ilẹ̀ náà. A da omi híhó sí i. Màmá tún pe àwọn ọkùnrin kan tó bo imú, tí wọ́n fi láílọ́ọ̀nù bo gbogbo ilẹ̀, tí wọ́n sì fọ́n òògùn olóòórùn kan sábẹ́ rẹ̀. Òórùn náà ta mí lójú dé ilé. Nígbà tí wọ́n ká láílọ́ọ̀nù kúrò, ekòló pàápàá kò sí láàyè níbẹ̀ mọ́. A gbin ọmọ òdòdó tuntun. Wọ́n hù, wọ́n dán, ọkàn wa sì balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rọ, ó sì yá ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Èmi ni mo gbé e wọlé, Rísí," Màmá sọ fún mi. "Èmi tí mo fọ ẹsẹ̀ gbogbo ayé. Ọwọ́ mi ni mo fi gbé e."

Mo jókòó tì wọ́n, mo di ọwọ́ náà mú.

Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Mi ò bá wọn wí, gbogbo wọn ló lọ́mọ. Àwọn tó ń kọ́ ẹ́sítéètì gbọ́ pé ọgbà náà ti ṣófo, wọ́n sì wá bẹ ilẹ̀ wò láti rà á. Màmá ní àwọn máa fún wọn lésì. Wọn kò wá sí wọ́ọ̀dù láràárọ̀ mọ́. Inú ilé ni wọ́n ń wà, wọ́n á ti fèrèsé. Èmi nìkan ni mo ń bomi rin ìwọ̀nba tó kù.

Fúnkẹ́, ọmọ Màmá, ni ìdààmú bá jù. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí ohun ọ̀gbìn, ó sì mú un wá. Bí mo ṣe mọ Dókítà Tọ́pẹ́ nìyẹn. Ó kéré sí mi, ó sì ní kí n má fi "ẹ" bá òun sọ̀rọ̀. Ó gbé kúlà kan lọ́wọ́ bí ẹni tó ń ta áásìkiriìmù. Nígbà tó ṣí i, àpò láílọ́ọ̀nù ló wà nínú rẹ̀, ọkà bàbà sísè ló wà nínú àpò, gbogbo ọkà náà sì ti bu, ó ti di aláwọ̀ ewé.

Màmá yọjú sí ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n rí i. Ojú wọn pọ́n. "Ọmọ yìí, àrùn tó wà níbí ò tó ni? O tún fẹ́ kó òmíràn wá bá mi?"

"Màmá, ẹ má bínú," Dókítà dá wọn lóhùn. "Ẹ̀dá alààyè ni, ẹbí olú ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òdòdó ló ń jẹ. Àwọn tó ń pa òdòdó yín ló ń jẹ. Ẹ wo ilẹ̀ yìí bí ilé oníyàrá púpọ̀. Ayálégbé rere wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ayálégbé burúkú sì wà níbẹ̀. Iná tí ẹ dá àti òògùn tí ẹ fọ́n, gbogbo ayálégbé náà ló lé jáde. Nígbà tí ilé ṣófo, ta ló kọ́kọ́ sáré padà wọlé?"

Màmá ní, "Olè."

"Ó dáa, Mà. Ẹ jẹ́ ká fi ènìyàn rere kún ilé náà kí olè tó dé."

Màmá wò ó, wọ́n wo èmi náà. Ó hàn lójú mi pé mò ń bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "Wọ́ọ̀dù kan. Wọ́ọ̀dù kan péré ni mo fún yín."

Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ kò ṣiṣẹ́. A po ọkà náà mọ́ iyanrìn, a gbin òdòdó sí i, òdòdó náà sì kú bíi ti tẹ́lẹ̀. Dókítà wá, ó hú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó la ìdí wọn. Gbogbo wọn ló ti pọ́n nínú. Ó wọ inú ṣẹ́ẹ̀dì, ó jókòó, ó gbé orí lé orúnkún. Màmá ló tọ̀ ọ́ lọ, èmi sì rò pé wọ́n máa ní kó máa lọ sílé ni. Ife ògì gbígbóná ló wà lọ́wọ́ wọn.

"Mu ún," wọ́n ní. "Mo ti sin aláìsàn rí, mo mọ bó ṣe ń rí. Ṣùgbọ́n sọ fún mi, nǹkan aláwọ̀ ewé tìrẹ yìí, kí ló ń jẹ kó tó rí ẹni tó máa bá jà?"

Dókítà gbé orí sókè. Ó wo ife, ó wo ilẹ̀ funfun tó wà níta. Iyanrìn tí wọ́n wà láti inú ọ̀sà ni gbogbo rẹ̀, èyí tí wọ́n fi dí irà. Níbi iṣẹ́ tirẹ̀, ilẹ̀ dúdú ló ń lò. Ó dìde bí ẹni tí èèrà ta.

"Màmá! Ebi! Ebi ló pa á! Kò sí nǹkankan nínú iyanrìn yìí!" Ó dì mọ́ Màmá, ògì sì dà sí àwọn méjèèjì lára. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín Màmá nìyẹn lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù.

Ẹ wá wo iṣẹ́! A kó ìgbẹ́ màlúù láti Ajah, a kó eèpo gbágùúdá lọ́dọ̀ àwọn tó ń yan gààrí lápá Ẹ̀pẹ́. Múfú gbé búlọ́ọ̀kù wá, ó fi kọ́ ibi tí a kó o jọ sí lábẹ́ igi. A ń bomi wọ́n ọn, a ń yí i, títí ó fi jẹrà, tó di dúdú, tó sì ń rùn bí inú igbó lẹ́yìn òjò. Lẹ́yìn náà ni a po Aláwọ̀ Ewé mọ́ ọn, nítorí orúkọ tí a sọ olú yẹn nìyẹn. A bò ó kó má gbẹ, a sì fi í sílẹ̀ kó jẹun yó.

Màmá fúnra wọn ló gba ìdí sísè ọkà. Wọ́n gbé épúrọ́ọ̀nù funfun tí wọ́n ń wọ̀ ní ọsibítù jáde láti inú àpótí. Bí wọ́n ṣe ń se abẹ́rẹ́ nígbà ayé iṣẹ́ wọn ni wọ́n ṣe ń fi ooru se àpò ọkà kọ̀ọ̀kan kí ìdọ̀tí má bàa wọ̀ ọ́. Dókítà ní ọkà tiwọn mọ́ ju ti àwọn lọ. Màmá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n mo rí ẹ̀rín lẹ́nu wọn.

A ṣe wọ́ọ̀dù méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọ̀kan ní Aláwọ̀ Ewé àti oúnjẹ rẹ̀, ìkejì kò ní. A ti gbòǹgbò ọmọ òdòdó ti wọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ bọ omi tí a po olú náà sí kí a tó gbìn ín. Dókítà ń padà wá, ó ń wò ó, kò sì ṣèlérí ohunkóhun. Ọyẹ́ tún dé. Ní ọ̀sán gangan, èmi àti Màmá á lọ dúró láàárín wọ́ọ̀dù méjèèjì. Nígbà tó yá, wọ́ọ̀dù tí kò ní nǹkankan bẹ̀rẹ̀ sí í dorí kodò. Mo yí ojú sí ìkejì. Díẹ̀ rọ níbẹ̀ náà, mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù dúró. Ó dúró lónìí, ó dúró lọ́la, ó yọ èèhù òdòdó, ó sì là.

Yẹ́lò ni àkọ́kọ́. Màmá kò jẹ́ kí a tà á. Wọ́n fi í sí Dókítà ní irun, wọ́n ní kó wọ̀ ọ́ padà síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí àwọn tó ń kọ́ ẹ́sítéètì padà wá gba èsì, ẹnu ọ̀nà ni Màmá ti pàdé wọn. "Ẹ má bínú o," wọ́n ní. "Kò sí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Wọ́ọ̀dù mi ti kún."

Ọ̀pọ̀ ọdún la fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Àrùn náà kò kúrò nínú ilẹ̀ pátápátá, bóyá kò lè kúrò láéláé, ṣùgbọ́n kò ráyè mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ kan padà wá. Títì ń fẹ̀ sí i, ilé gíga sì yí wa ká tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn kò fi dé abẹ́ nẹ́ẹ̀tì wa mọ́, la bá kó ọgbà lọ sí ìkọjá Elékọ̀. Mo ní mi ò ní fi iyẹ̀pẹ̀ wa sílẹ̀. A kó iyẹ̀pẹ̀ dúdú náà sínú àpò, a tò ó sínú ọkọ̀. Awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, iyanrìn lẹ ń kó lọ sí etí òkun?" Mo ní, "Wọ́n láàyè o. Rọra wa ọkọ̀."

Irinṣẹ́ ti yí padà. Páìpù oníhò ló ń bomi rin òdòdó báyìí, ìkán ìkán, nísàlẹ̀. Aláwọ̀ Ewé ti di ìyẹ̀fun inú sáṣẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọbìnrin tí mo kọ́ kò ní láti se ọkà mọ́. Orí fóònù ni wọ́n ti ń béèrè òdòdó láti Oniru, ọlọ́kadà á sì wá gbé e. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo kàn máa ń rán wọn létí pé ẹ̀mí ló wà nínú sáṣẹ́ẹ̀tì yẹn, kí wọ́n má fi í sínú oòrùn. Dókítà Tọ́pẹ́ ti dàgbà nínú iṣẹ́ rẹ̀, ó ti di ọ̀gá níbẹ̀, síbẹ̀ ó ń pè mí ní Àǹtí, ó sì ń wá jẹ ìrẹsì nílé mi.

Màmá kò tẹ̀lé wa lọ sí Elékọ̀. Ọjọ́ ogbó ti dé, wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ Fúnkẹ́ ní Oniru. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo máa ń gbé òdòdó lọ fún wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lórí wọn. Wọ́n gbàgbé orúkọ Dókítà. Wọ́n gbàgbé tèmi. Lọ́jọ́ tí wọ́n bi Fúnkẹ́ pé ọmọ ta ni, inú kíṣìnì ni mo ti bá a tó ń sunkún.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, mi ò gbé òdòdó jíjá lọ. Odindi jẹ̀bẹ́rà ni mo wú pẹ̀lú ilẹ̀ rẹ̀, mo fi í sínú ìkòkò, mo gbé e lé wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n wò ó. Wọ́n ti ìka bọ inú iyẹ̀pẹ̀ náà, wọ́n sì jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, ohùn wọn le, ó já gaara.

"Ìwọ, sún mọ́bí. Ṣé o mọ iṣẹ́ yìí?"

Mo ní, "Rárá, Mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

"Ó dáa, fọkàn sí i. Má ri ọrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, á jẹrà. Jẹ́ kó máa rí afẹ́fẹ́. Tó o bá sì fẹ́ já òdòdó rẹ̀, má fi ọ̀bẹ gé e. Di ọ̀pá rẹ̀ mú nísàlẹ̀, yí i díẹ̀, kó o wá fà á, bí ẹni ń fa ọmọdé dìde nílẹ̀."

Wọ́n mú ọwọ́ mi, wọ́n fi í síbi tó yẹ. Mo yí i, mo fà á.

"Báyìí, Mà?"

"Rọra. Òmíràn."

Mo já òmíràn.

"Báyìí?"

Wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n wá wo ojú mi, ó pẹ́ díẹ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n. Wàá mọ̀ ọ́n," wọ́n ní. "Ọwọ́ rẹ rọ̀. Máa bọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ lọ́la."

"Ẹ ṣé, Mà," mo ní. "Màá tètè dé."